Bí Èmi àti Dáíró Ṣe Yí Òkè Afìlàfunfun Po

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó ní emu lọ́wọ́, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, nítorí bí emu bá gba ọ̀nà tí kò yẹ lọ́fun yín níbi tí ẹ ti ń gbọ́ ìtàn yìí, n kò sí níbẹ̀ o. Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ. Ọmọ ọdẹ ni mí, ọmọ-ọmọ ọdẹ ni mí, bí ẹ bá fi abẹ gé mi lọ́wọ́, ẹ̀tù ìbọn ni yóò dà sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Èmi ni ọkùnrin tí ọ̀nà igbó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹfọ̀n pàdé mi, ó kí mi. Bó bá wù mí, mo dá a lóhùn. Àmọ̀tẹ́kùn rí òjìji mi, ó yà sínú koríko, ó ní ewé lòun ń wá. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ìbọn, n kò bẹ̀rù rí, n kò ṣìnà rí, n kò sì kúnlẹ̀ fún ohunkóhun tó ní ìrù rí. Ìwọ tó ń gbọn orí lẹ́yìn yẹn, ṣé ọrùn ló ń dùn ọ́ ni? Fi orí lélẹ̀ kí o gbọ́ràn.

Ẹsẹ̀òkè ni ìlú wa, nítorí ẹsẹ̀ òkè la tẹ̀ ẹ́ dó sí. Òkè tó ni ẹsẹ̀ náà ni Òkè Afìlàfunfun. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ìkùukùu fi jẹ́ ìgbànú lásán ní ìdí rẹ̀, yìnyín sì bo orí rẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn, bí fìlà tí bàbá arúgbó gbàgbé láti ṣí. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń rí iwájú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni gbogbo ènìyàn fi ń sọ ọ́. Nígbà tí Olúọdẹ wa kú, tí a sì ti ṣípà rẹ̀ bí a ti í ṣe fún ọdẹ, ó ku ẹni tí yóò jókòó sí ipò olórí gbogbo ọdẹ. Kí ló tún kù tí a ń wò? Ọjọ́ orí mi tó o, ẹnu mi sì tó o jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi bí àwọn kan ṣe dìde tí wọ́n ní Dáíró làwọn fẹ́. Dáíró! Ọmọ tó jẹ́ pé nígbà tí mo ti ń pa ìkookò, òun ṣì ń fi àkàtàm̀pó lé ẹyẹ lóko ìyá rẹ̀. Òkété ni ó máa ń pa, àti ọ̀kẹ́rẹ́. Bí kò bá sì ní ohun tí ó fẹ́ sọ, kì í sọ̀rọ̀. Ẹ wo irú ìwàkíwà yẹn!

Ọ̀tún Ọdẹ, àgbàlagbà tí ó di ilé mú títí a ó fi yan ẹlòmíràn, pè wá síwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ yí Òkè Afìlàfunfun po. Ẹ gba apá kan jáde, kí ẹ gba apá kejì wọlé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọ ẹnu odi, òun ni Olúọdẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹni tó bá dá wá, òpùrọ́ la ó kà á sí, ìlú yóò sì fi yẹ̀yẹ́ sin ín dé ilé rẹ̀.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo gbọn eruku iwájú ẹwù mi. Lójú mi, oyè ti jẹ tán, ó ku kí n lọ na ẹsẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n a ní láti gbèrò. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìrìn ni ìṣòro ìrìnàjò, ẹ kò tíì gbèrò rí nìyẹn. Àwẹ̀ró ìyàwó mi gún iyán síwájú wa, ó rí roboto, ó ga, orí rẹ̀ funfun. Mo ní, “Dáíró, má tíì fọwọ́ kàn án. Wò ó dáadáa. Òkè náà rèé.” Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka la ọ̀nà yí iyán po nìyẹn. Ibi tí ọbẹ̀ gbé ṣàn dé ni a pè ní odò. Ekìrí ẹran tó fara ti ẹ̀gbẹ́ àwo, a ní àpáta ni, abẹ́ rẹ̀ la ó sùn sí lálẹ́ àkọ́kọ́.

Dáíró bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, apá wo la ó kọ́kọ́ yà sí?”

“Ọ̀tún,” ni mo dá a lóhùn.

“Bí a bá yà sí ọ̀tún, òkè á wà lọ́wọ́ òsì wa títí a ó fi délé. Àgbà sì ni òkè, Ẹ̀gbọ́n. Ta ló ń na ọwọ́ òsì sí àgbà?”

Mo rí i pé òótọ́ ni, ìyẹn sì bí mi nínú. Mo ní, “Bí nǹkan bá wá já bọ́ lára òkè náà ńkọ́? Apá òsì ni ìbọn mi máa ń kọ sí.”

“Ẹ fẹ́ yìnbọn fún òkè ni?”

Kí n má baà dá a lóhùn, mo bu ibùdó kejì, mo fi í sínú ọbẹ̀, mo gbé e mì. Dáíró náà rò díẹ̀, ó bu àfonífojì kan jẹ. A jiyàn lórí ibi tí a ó ti bu omi, a jẹ ibẹ̀. A jiyàn lórí bóyá ká gun òkè dé ibi tí igi tán sí, tàbí ká máa gba ìsàlẹ̀ nínú igbó tó dí, a jẹ igbó náà. A fẹnu kò pé òkè la ó gbà, nítorí ojú ń ríran jìnnà níbẹ̀, a sì jẹ òkè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa fi dé ẹ̀yìn òkè gan-an, ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé rí, ibi tó yẹ ká fi gbogbo ọgbọ́n orí wa gbèrò lé lórí, ìsàlẹ̀ àwo ló kù tí ń wò wá.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Dáíró wí, “a kò tíì gbèrò ẹ̀yìn rẹ̀ o.”

“Ṣé o kò yó ni?” Báyìí ni mo ṣe fi òpin sí ìpàdé.

Àwẹ̀ró di àádùn, ẹran gbígbẹ àti ataare sínú àpò fún mi. Lẹ́yìn náà ló mú kíjìpá rẹ̀ jáde, ìró tó nípọn bí awọ ẹran. “Bàbá Àjíkẹ́, òtútù wà lókè yẹn o. Ẹ mú èyí dání.”

“Èmi! Ọdẹ́rìnlọ! Kí n da ìró obìnrin bora?”

“Ẹ má dà á bora nígbà náà. Ẹ kàn mú un dání ni.” Ó sì dákẹ́. Ẹ̀yin ọkùnrin tó wà níbí, bí ìyàwó yín bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, tó sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gba ohun tó bá nà sí yín, ẹ máa lọ.

N kò ní fi ìrìn inú igbó dá yín lágara. Igi ni igi, ẹ̀fọn ni ẹ̀fọn, òkè wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa bí àgbà, a sì ń gòkè lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibi tí igi ti ń kéré, tí wọ́n ń tẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá wí, òtútù pàdé wa. Kì í ṣe ọyẹ́ tí ẹ mọ̀ yìí o. Ọyẹ́ a máa kanlẹ̀kùn. Èyí wọlé tààrà, ó jókòó sórí egungun mi, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá. Mo tutọ́, itọ́ náà dún kò! lórí àpáta. Mo fẹ́ bú òtútù náà, ètè mi kò gbà. N kò mọ ìgbà tí mo tú àpò, n kò sì mọ ìgbà tí kíjìpá Àwẹ̀ró dé orí mi, tí mo fi wé e mọ́ ọrùn títí dé imú. Dáíró wò mí. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọ̀pọ̀ ọgbọ́n ọmọ yẹn, inú ẹnu tó pa dé ló wà.

Bí a ti kọjá ẹ̀gbẹ́ igi tó kẹ́yìn, a rí ohun kan tó mú mi dúró gbagidi. Ọ̀nà funfun kan wà níwájú wa, wọ́n gbá a mọ́ tónítóní bí àgbàlá ààfin, kò sì sí ipasẹ̀ kankan lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbálẹ̀ níbi tí ènìyàn kò sí? Inú mi sọ fún mi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀, ìyà ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Mo yíjú sí Dáíró, mo fi ohùn àgbà bá a sọ̀rọ̀. “Àbúrò mi, ọmọdé ló yẹ kó máa ṣáájú, kí àgbà lè máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, nílé ẹ ní àgbà ló ń ṣáájú.”

“Ilé nìyẹn,” ni mo wí, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn. Dáíró fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ funfun náà, mo tẹ̀ lé e, inú mi ń dùn sí ọgbọ́n mi.

Àṣé wọ́n ń wò wá. Ẹ̀dá kan yọ láti ẹ̀yìn òkúta, ara àgbò, ojú bàbá arúgbó, irùngbọ̀n rẹ̀ di yìnyín, ó ń dún ṣaworo bó ti ń mi orí. Ìrù rẹ̀ ni ìgbálẹ̀. Bó ti ń rìn ló ń fi í nu ipasẹ̀ ara rẹ̀ nù, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè mọ ibi tó ti wá. Ó tẹ orí ba fún wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ìyàwó.”

Mo wẹ̀yìn kí n rí àwọn obìnrin tó ń kí. Kò sí ẹnì kankan.

Mo ní, “Bàbá, ọdẹ ni wá. À ń yí òkè yìí po ni, a kò ní pẹ́.”

“Ta ló ń yí ọkọ rẹ̀ po? Òkè yìí kì í gba àlejò. Ẹni tó bá ti kọjá igi tó kẹ́yìn, Òkè ti fẹ́ ẹ nìyẹn. Ìwọ gan-an tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, o ti bo orí wá bí ìyàwó tó gbẹ̀kọ́.”

Ẹ̀yin ará, mo gbìyànjú láti ṣí kíjìpá náà, ó ti gan mọ́ orí mi.

“Bí a bá kọ̀ ńkọ́?” ni mo bi í.

Ó fi ìwo tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin tò síbẹ̀ lórí ìdúró, ìbọn léjìká, ẹnu ní yíyà, gbogbo ara wọn ti di yìnyín, ẹ lè rí òkè lódìkejì láti inú ikùn wọn. “Àwọn wọ̀nyí kọ̀,” ni agbálẹ̀ onírù náà wí. “Wọ́n ní àwọn kì í kúnlẹ̀ fún ohun tó ní ìrù.”

Kíá ni mo gbé ohun tó wà lẹ́nu mi mì. Ó wá béèrè ta ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà nínú àwa méjèèjì. “Òun ni!” ni mo ké, mo nàka sí Dáíró kí ó tó mí. “Òun ni, Bàbá! Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà!”

“Ó dára. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ìyáálé. Ìwọ ni ìyàwó tuntun, kò sí bí o ti lè dàgbà tó níbi tí o ti wá. Iṣẹ́ ilé, ẹrù rírù, kíkí gbogbo agboolé fún ẹ̀yin méjèèjì, ọwọ́ rẹ ló wà. Gbogbo ohun tó wà lórí òkè yìí kí o tó dé, ọkọ rẹ ni, bí a bá tilẹ̀ bí i lánàá. O kò gbọ́dọ̀ pe ọ̀kan nínú wọn lórúkọ. Wá orúkọ tó dùn pè é. Bí kò bá dùn mọ́ ọn nínú...” Ó wo àwọn ará yìnyín náà, ó sì gbá ilẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ̀rín yín ti pọ̀ jù. Mo mọ̀ pé ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Nígbà tí Àwẹ̀ró dé ilé wa, Akọ́wé ló ń pe àbúrò mi kan tí kò tíì mọ bí wọ́n ti ń fọn ikun nù, ó sì ń kúnlẹ̀ fún un. Èmi rò pé eré ló ń ṣe. Mo rò pé ó ń gbádùn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ funfun kan ni mo kọ́kọ́ pàdé. Ó dúró láàárín ọ̀nà, ó wú, ó ní, “Ìyàwó, ta ni mí?” Mo wo ojú rẹ̀ bó ti yọ síta bí ẹyin. Mo rọra fi eékún kan ilẹ̀, mo ní, “Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́.” Ó di ojú, ó ní, “Tún un pè.” Mo pè é títí tí ohùn mi fi fẹ́ há kó tó yà fún wa. Kò pẹ́, òkúta kan sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Èmi náà ńkọ́?” Mo ní, “Ajókòó-bí-ọba.” Òkúta náà fa imú sókè. “Gbogbo wọn ní mo jókòó, mo jókòó. Ìwọ náà rò pé mo jókòó ni?” Bó ti wí bẹ́ẹ̀, òtútù mú mi ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, mo wolẹ̀, ó ti ń funfun, mo ti ń rí ilẹ̀ láti inú rẹ̀! Ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń bọ̀ ní orúnkún. Mo ké tòò, “Adúró-gbọn-in-má-mì! Ẹ má bínú, Adúró-gbọn-in-má-mì, ojú ìyàwó tuntun ni kò tíì là!” Òkúta náà sọ imú kalẹ̀. Ó ní, “Ìyẹn jọ mí.” Ẹsẹ̀ mi padà di ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la kan ewúrẹ́ òkè kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n lórí ẹsẹ̀, ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Mo ní kí n gba ẹ̀gbẹ́ kọjá jẹ́jẹ́, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

“Ìyàwó, o kò kí ọkọ rẹ ni?”

Mo yíjú padà. Dáíró ni! Dáíró tí ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n láti kékeré! Ó ti ká ọwọ́ sẹ́yìn, ẹrù tirẹ̀ wà lórí tèmi, ojú rẹ̀ sì balẹ̀ bí ojú ìyáálé tó ti sin ọ̀pọ̀ orogún.

“Ìwọ Dáíró yìí,” ni mo bẹ̀rẹ̀, òtútù sì tún dì mí mú ní ìka ẹsẹ̀. Mo yí ohùn padà kíákíá. “Ìyáálé mi, Ọlọ́gbọ́n-inú, ẹ má bínú.” Mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú ọmọ ewúrẹ́. Mo ní, “Ẹ kú ilé, ọkọ mi kékeré. Awẹ́lẹ́wà, ẹ kú ilé o.” Ọmọ ewúrẹ́ náà rọra súnmọ́ mi, ó yíjú sí òdìkejì, ó sì yàgbẹ́ sórí kíjìpá mi. Dáíró ní, “Dúpẹ́.” Mo dúpẹ́.

Bí a ṣe dé ẹ̀yìn òkè nìyẹn, ibi tí a kò gbèrò. Ihò ńlá kan wà níbẹ̀, obìnrin arúgbó kan tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ yìnyín jókòó ti ààrò. Yìnyín ló fi dáná, ìkòkò rẹ̀ ń hó fún òtútù, èéfín rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ dípò kó gòkè. Ìyá Yìnyín ni wọ́n ń pè é, aya àkọ́kọ́ tí Òkè fẹ́. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. “Ẹ rọra máa sọ̀rọ̀,” ló wí. “Baálé ń sùn. Láti ìgbà tó ti sùn ni a kò ti pariwo nílé yìí. Bó bá tají, fìlà orí rẹ̀ á já bọ́.” Ó wo Dáíró, ó gbé ìpọnbẹ̀ lé e lọ́wọ́. “Ó ti rẹ̀ mí. Ìwọ ìyáálé, ààrò yìí ti di tìrẹ. Ìyáálé kì í kúrò nílé ọkọ, títí ayé.” Ó wá yíjú sí mi. “Ìwọ ìyàwó tuntun, àṣà gbà ọ́ láàyè kí o lọ kí àwọn òbí rẹ. Máa lọ, kí o sì tètè padà wá.”

Ayọ̀ tó sọ sínú mi! Mo ti gbé àpò kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Olúọdẹ ti di tèmi pátápátá, kò sí ẹni tí mo ń bá du ẹnu odi mọ́. Mo ti kọjá ẹnu ihò náà nígbà tí mo gbọ́ ohùn Dáíró.

“Ẹ̀gbọ́n.”

Ẹ̀gbọ́n ti padà dé! Mo dúró.

“Ẹ bá mi kí ìyá mi. Ẹ ní kó má gbé oúnjẹ mi pamọ́ mọ́.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ń sọ̀kalẹ̀ lọ, mo ń kọrin oyè, èmi ni mo ń dá a, èmi ni mo ń gbè é. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ Ọ̀tún Ọdẹ fi dé sí mi lọ́kàn: ẹni tó bá dá wá, òpùrọ́ ni. Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ẹ̀yin ará, ẹ má yìn mí o. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ káàkiri pé àánú ló dá mi padà. Irọ́ ni. Ẹlẹ́rìí ni mo padà lọ mú. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ ń gbé pamọ́ yẹn kàn ń kùn mọ́ mi létí ni, bí ẹ̀fọn, ó sì di ẹtì fún mi láti kọrin.

Nígbà tí mo yọ lẹ́nu ihò, Dáíró ń fẹ́ iná yìnyín, irun ojú rẹ̀ ti funfun. Mo lóṣòó tì í, mo bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Báwo ni obìnrin ṣe ń bọ́ nílé ọkọ?”

“Ó lè sá.”

“Àwọn tó kọ̀ lásán ti tò sójú ọ̀nà yẹn, áńbọ̀sì ẹni tó sá.”

“Wọ́n sì lè lé e.”

“Kí ni wọ́n fi ń lé e?”

Ó rò ó. “Bí òun àti orogún rẹ̀ kò bá jẹ́ kí ilé rójú.” A wo ara wa. A wo Ìyá Yìnyín bó ti ń tòògbé. Ilé tí a kì í pariwo nínú rẹ̀, orogún méjì sì rèé.

Mo dìde, mo fọwọ́ sí ìbàdí, mo ní, “Ìyáálé burúkú! Ta ló bu omi mi mu?” Dáíró dáhùn pé, “Èmi kọ́ o.” Ohùn rẹ̀ kò ju ti eṣinṣin lọ. “Pariwo!” ni mo wí. “Mo ń pariwo,” ló dáhùn. Ọmọ náà kò pariwo rí láyé rẹ̀! Mo rí i pé bí n kò bá ta á níbi tó ń dùn ún, ibẹ̀ la ó kú sí. Mo ní, “Ìwọ tí ìbọn rẹ kò pa ju òkété lọ! Àwọn òkété náà sì ti darúgbó, ṣe ni wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn parí rẹ̀!”

Dáíró gbé ìpọnbẹ̀ sílẹ̀. Ó wá la ẹnu, ohun tó sì ti pa mọ́ síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. “Èmi ni ọdẹ òkété? Ẹ̀yin tí ẹ ń hanrun lórí ẹ̀gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹtu ń mú ọmọ wọn wá gbọ́ ọ! Ẹfọ̀n kí yín àbí? Orí igi lẹ wà! Ẹ di ẹ̀ka mú, ẹ ń sọkún!”

“Ta ló sọkún?”

“Ẹ pe ìyá yín!”

“Òógùn ni! Òógùn ló ń ṣàn lójú mi!” Ẹ̀yin ará, eré ti parí. Mo gbàgbé ihò, mo gbàgbé òkè, mo gbàgbé oyè. Mo fẹ́ pa á. Òun náà ń ké, “Mo ti ń gbọ́ ìtàn ẹfọ̀n yẹn láti kékeré! Ó ti sú mi! Ó ti sú ẹfọ̀n gan-an!” Mo bú baba ńlá ìbọn rẹ̀, ó bú gbogbo àdó ìdí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Yìnyín tají, ó ń fi ọwọ́ bẹ̀ wá, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, ẹ rọra,” nígbà tí kò rí ẹni gbọ́, òun náà figbe bọnu: “Ẹ DÁKẸ́!” Igbe tirẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀. Òkè yán. Ilẹ̀ mì lábẹ́ wa, a sì gbọ́ tí fìlà ńlá náà ń yọ̀ lókè orí wa.

“Ẹ kó ẹrù yín!” Ìyá Yìnyín ń ju àpò wa síta. “Irú ìyàwó wo nìyí! Ẹ padà sílé bàbá yín! Òkè kọ̀ yín, èmi náà kọ̀ yín, ọ̀pọ̀lọ́ kọ̀ yín!” Kí ó tó tán lẹ́nu rẹ̀, yìnyín ti gbé wa. Mo rí orí mi lókè, mo rí ẹsẹ̀ mi lókè, mo rí Dáíró tó kọjá lára mi, ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ ti ẹfọ̀n. A yí, a yí, títí a fi bọ́ sínú igbó gbígbóná ní ìsàlẹ̀, kò sì sí ibi tó ṣẹ́ lára wa àyàfi ọ̀rẹ́ wa. Ẹ ó bi mí pé báwo ni ẹ̀yìn òkè ti rí láti ìsàlẹ̀. Ó jọ iwájú rẹ̀.

A rin ìyókù láìbá ara wa sọ̀rọ̀, orogún tòótọ́, òkè lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí a ti rí odi ìlú lókèèrè, Dáíró wò mí, mo wò ó, a sì bẹ́ sáré. Mo fi ìgbùnwọ́ gbá a, ó fi àpò gbá mi. Ẹnu odi náà kò fẹ̀, ibẹ̀ ni àwa méjèèjì há sí lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, a ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá.

Gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ wà lábẹ́ igi odán tó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti lọ ni wọ́n ti jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń wo òkè, ìbọn wọn sì wà lára ògiri, nítorí àṣà wa ni pé ìbọn kì í dún nígbà tí ipò Olúọdẹ bá ṣófo. Wọ́n pagbo yí wa ká. Àwọn kan ní àtàńpàkò ẹsẹ̀ Dáíró ló kọ́kọ́ wọlé. Àwọn kan ní imú mi ni. Ẹnìkan ní imú kì í ṣe ẹsẹ̀, wọ́n sì fẹ́ torí ìyẹn lu ara wọn. Ọ̀tún Ọdẹ gbé ọ̀pá sókè, gbogbo ibẹ̀ parọ́rọ́. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ yìí jìn. Oyè ọdẹ kì í ṣe ohun à ń kánjú fún. Wọn yóò tún un lọ, kí wọ́n gba apá ọ̀tún lọ lọ́tẹ̀ yìí, òní náà ni kí á sì bẹ̀rẹ̀ ètò.” Gbogbo ọdẹ hó yèè, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà rèé, wọ́n tún jókòó.

Àwẹ̀ró ló ń bọ̀ láti oko, agbọ̀n lórí. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi káàbọ̀, ó kí Dáíró, ó kí Ọ̀tún Ọdẹ àti gbogbo ẹgbẹ́. Ó wá sọ agbọ̀n kalẹ̀ láàárín wa. Kùkù àgbàdo ló kún inú rẹ̀, kò sí hóró kan lára wọn.

“Ọ̀yà ti jẹ oko tán,” ló wí. “Ṣé ẹnikẹ́ni wà nílùú yìí tó ń ṣọdẹ?”